Ọmọ Ọdún Mẹ́rin Tí Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Ń Ru, Tí Àwa Náà Tún Ń Fi Oògùn Tì Í Lẹ́yìn

Sálúbàtà ni màmá ọmọ náà kọ́kọ́ yọ nínú báàgì, kó tó fa káàdì jáde. Ó gbé e sórí tábìlì mi, ó ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn lòun rà á, ẹ wá wò ó, ìka ẹsẹ̀ ọmọ ti kọjá etí ẹ̀. "Dókítà, ọmọ ọdún mẹ́rin àti oṣù méjì lọmọ yìí o, èmi ni mo bí i, mo mọ ọjọ́ tí mo bí i." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ti bá jiyàn sú, àṣé lóòótọ́ ni, níléèwé wọ́n ní ọmọ náà á ti pé ọdún méje, pé ńṣe ni màmá ẹ̀ ń gé ọdún ẹ̀ kù.

Mo wọn ọmọ náà, 117 sẹ̀ǹtímítà, gíga ọmọ ọdún mẹ́fà nìyẹn. Irorẹ́ wà níwájú orí ẹ̀, abíyá ẹ̀ ń rùn bíi ti géńdé, irun abẹ́ ti hù, ohùn ẹ̀ ti ń ki. Bàbá ẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ní tiẹ̀ akọ lòun bí, kí ni wọ́n ń yọ ara wọn lẹ́nu sí. Mi ò bá a wí, bàbá wo ni ọmọ ẹ̀ máa ga ju ẹgbẹ́ lọ tí inú ẹ̀ ò ní dùn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń sáré ga báyìí, eegun ẹ̀ ló ń ná owó ọ̀la lónìí, tó bá yá á dúró, àwọn tó ń wò ó lókè á wá máa wò ó nílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ọmọdé á mọ ìlẹ̀kẹ̀ Prader, hóró 12 tí wọ́n sín sókùn, látorí 1 mílílítà dé 25, tí Andrea Prader ará Switzerland gbé jáde lọ́dún 1966, òun la fi ń mọ bí kórópọ̀n ṣe tóbi tó. Tó bá jẹ́ pé ọpọlọ ló pàṣẹ kí bàlágà bẹ̀rẹ̀, kórópọ̀n ló máa ń kọ́kọ́ wú, á tó 4 mílílítà ó kéré tán. Ti ọmọ yìí, 2 péré. Gbogbo ara ti di ti ọ̀dọ́mọkùnrin, ibi tó yẹ kí họ́mónù ti wá ṣì jẹ́ ti ọmọ kékeré. Ẹ̀rí tó tóbi nìyẹn, kò sì ná wa ju ìṣẹ́jú kan lọ. Họ́mónù ọkùnrin ń ti ibòmíì wá. A bi bàbá bóyá ó ń fi jẹ́ẹ̀lì testosterone para, torí ó máa ń ràn mọ́ ọmọ tí wọ́n bá gbé e mọ́ra, ó ní òun ò mọ nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó kù síbi adrenal, ẹṣẹ́ kékeré tó ń ṣe họ́mónù.

Ẹ́síréè ọwọ́ ní eegun ẹ̀ ti tó ti ọmọ ọdún 9. Síkáànì fi hàn pé adrenal méjèèjì wú, kò sí kókó kankan níbẹ̀. Testosterone ga, LH tó ń wá látọpọlọ láti pàṣẹ bàlágà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí rárá, 17-OHP, ọ̀kan lára èròjà tí adrenal fi ń ṣe họ́mónù, náà ga. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ọkàn sí ìyẹn, ó ga, ṣùgbọ́n kì í ṣe gíga tó máa ń bani lẹ́rù tá a ti mọ̀ mọ́ àìsàn adrenal àbínibí tó wọ́pọ̀ jù, ó kàn ga ni.

Kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún àwọn tí kì í ṣe ẹ̀ka yìí ni wọ́n wà. Orí kíndìnrín méjèèjì ni adrenal jókòó sí, kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ló ń gbà wọlé, á wá máa gbé e láti ọwọ́ ẹ́ńsáìmù kan bọ́ sí ọwọ́ òmíì títí á fi di cortisol tí ara fi ń kojú àìsàn àti wàhálà, tàbí aldosterone tó ń di iyọ̀ mú lára, tàbí họ́mónù ọkùnrin. Tí ọ̀kan nínú àwọn ẹ́ńsáìmù yẹn ò bá wá síbi iṣẹ́, torí pé jíìnì tí ọmọ jogún látọ̀dọ̀ bàbá àti màmá ló bàjẹ́, ẹrù á máa wọ́ jọ síwájú àga ẹ̀ tó ṣófo. Ọpọlọ ò rí cortisol, á máa pariwo ACTH, họ́mónù tó fi ń pàṣẹ fún adrenal, ṣáá, adrenal á máa wú, ẹrù á máa pọ̀ sí i, èyí tí ò ríbi gbà á ya sọ́nà họ́mónù ọkùnrin tí nǹkan kan ò dí. Nínú ọgọ́rùn-ún tó ní irú àìsàn yìí, ó lé ní 90 tó jẹ́ pé 21-hydroxylase ni ò sí. Àwọn yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń da iyọ̀ nù, tí ọmọ jòjòló á máa bì, á gbẹ, á sì kú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹnikẹ́ni ò bá mọ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi ń fún wọn ní fludrocortisone, kí iyọ̀ lè dúró lára.

Èmi wá rí adrenal tó wú, 17-OHP tó ga, ọmọkùnrin tó ń bàlágà láìtọ́jọ́, mo kọ 21-hydroxylase sínú fáìlì. Èmi fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Mo fún un ní hydrocortisone, oògùn tó ń dípò cortisol, mílígíráàmù 10 lóòjọ́, pín sí ẹ̀ẹ̀mẹta, mo sì fi fludrocortisone máíkírógíráàmù 100 kún un, torí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Ẹ wá wo nǹkan méjì tó wà nínú fáìlì kan náà lọ́jọ́ yẹn tí mi ò wò lẹ́ẹ̀mejì. Pọtásíọ̀mù 3.3, ó rẹlẹ̀, mo ní bóyá ọmọ ò tíì jẹun. BP, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, 104/66, mo ní ìyẹn dáa. Kọ́ọ̀fù àgbàlagbà ni wọ́n wé mọ́ ọmọ náà lápá, ó yí apá ẹ̀ ká fẹ́rẹ̀ẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, kọ́ọ̀fù tó bá sì tóbi ju apá lọ á máa bu BP kù ni. Ní yàrá wa nígbà yẹn kọ́ọ̀fù kan ṣoṣo ló wà.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kò sí wàhálà. Ọ̀sẹ̀ kẹta màmá pè, ó ní ọmọ ń sọ pé orí ń fọ́ òun, ó ń dìde lóru láti tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹsẹ̀ ẹ̀ sì rọ̀, kì í fẹ́ gun àtẹ̀gùn mọ́. Ẹni tó gbé fóònù ní kí wọ́n fún un ní paracetamol kí wọ́n sì máa mú omi dáadáa. Mi ò bá ẹni náà jà, bí orí ṣe ń fọ́ ọmọdé láyé yìí ló pọ̀. Lọ́jọ́ kọkànlélógún wọ́n gbé e wá, ó ti bì lẹ́ẹ̀marùn-ún láti àárọ̀, ó rọ̀ jọwọlọ sí èjìká màmá ẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ọmọ tó ń lo hydrocortisone, tó ń bì, tó rẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n fi kọ́ gbogbo wa ni pé ẹ má dúró de rísọ́ọ̀tì, cortisol ti tán lára ọmọ nìyẹn, ẹ fún un lábẹ́rẹ́. Ohun tá a ṣe nìyẹn. Hydrocortisone mílígíráàmù 50 wọlé, a so omi iyọ̀ mọ́ ọn, 20 mílílítà fún kílò kan. Tí wọ́n bá tún gbé irú ẹ̀ wá lọ́la, abẹ́rẹ́ yẹn ni màá tún kọ́kọ́ fún un, mi ò kábàámọ̀ ẹ̀. Omi yẹn ni.

Mátírọ́ọ̀nù tó wà lójú iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn ló gbà wá. Obìnrin tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ ọmọ náà, ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tí omi ti tán lára ẹ̀, ṣé báyìí lọwọ́ ẹ̀ ṣe ń gbóná? Ìṣàn ẹ̀jẹ̀ yìí le jù." Kò dúró kí n fèsì, ó jáde, ó lọ yá kọ́ọ̀fù ọmọdé ní wọ́ọ̀dù kejì, ó padà wá, ó wé e. 158/104. Ó tú u, ó wé e sí apá kejì, 156/102. Ó kàn wò mí ni. Èmi náà wo omi tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí irin, ó ti lọ tó ìdajì, mo sáré tì í.

Ọmọ ọdún mẹ́rin tí nọ́ńbà òkè ẹ̀ bá ti ń kọjá 110 ti tó nǹkan téèyàn á dúró wò. Èyí 158.

Rísọ́ọ̀tì láàbù wọlé lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, sódíọ̀mù 146, pọtásíọ̀mù 2.7. Ọmọ tí adrenal ẹ̀ bá dákú, sódíọ̀mù ló máa ń lọ sílẹ̀, pọtásíọ̀mù ló máa ń gòkè. Tiẹ̀ yìí wá dà bí ẹni pé wọ́n dorí ìwé kodò. Níbẹ̀ ni ohun tó ti wà lójú mi látọjọ́ kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi: pọtásíọ̀mù 3.3 yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ, orí fífọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ paracetamol, ìtọ̀ òru àti ẹsẹ̀ tó rọ̀, pọtásíọ̀mù tó ń jáde lára ló fà á.

Ẹ́ńsáìmù 21 wà níbi iṣẹ́ o, ó ń ṣe tiẹ̀. Ẹni tó jókòó tẹ̀ lé e, 11-beta-hydroxylase, ni ò wá. Ẹrù tó wọ́ jọ síwájú àga tiẹ̀ ni 11-deoxycortisol àti èkejì tó ń jẹ́ deoxycorticosterone, DOC là ń pè é. DOC yìí lọ̀ràn wà. Ó mọ iṣẹ́ aldosterone ṣe, kò mọ̀ ọ́n tó o, ṣùgbọ́n tó bá ti pọ̀ rẹpẹtẹ, ó tó. Á di iyọ̀ mú, á máa da pọtásíọ̀mù sínú ìtọ̀, omi á máa pọ̀ nínú iṣan, BP á máa gòkè, kíndìnrín náà á rí i pé omi ti pọ̀ jù, á pa renin, èyí tó máa ń fi gbé BP sókè. Bí ẹrù ṣe ń wọ́ jọ sẹ́yìn, ó dé ibi 17-OHP náà, ìdí tó fi ga nìyẹn, ìdí tí kò sì fi ga tó ti 21 nìyẹn. Nínú ọmọ tí iyọ̀ ti pọ̀ lára ẹ̀ báyìí ni èmi wá ń da fludrocortisone sí láràárọ̀, tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ kó di iyọ̀ mú. A ní ká jẹ èkuru kó tán, mo tún ń gbọn ọwọ́ ẹ̀ sáwo.

Kì í ṣe nǹkan tuntun tí mo lè ní mi ò gbọ́ rí. Láti 1955 ni Eberlein àti Bongiovanni ti kọ ọ́ pé oríṣi kan wà nínú àìsàn adrenal yìí tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá rìn. Òun ni ìkejì nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù, bíi 5 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó wọ́pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ láàárín àwọn Júù tí orírun wọn jẹ́ Mòrókò, ṣùgbọ́n kò sí ìran tí kò sí. Mo kà á nígbà tí mò ń múra ìdánwò, mo dáhùn ẹ̀ dáadáa gan-an nínú ìdánwò.

A dá fludrocortisone dúró lálẹ́ ọjọ́ yẹn. A fún un ní pọtásíọ̀mù, a fi amlodipine bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú BP, a ò sì jẹ́ kó já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí ọpọlọ ọmọ tí ara ẹ̀ ti mọ́ BP gíga, tẹ́ ẹ bá já a lulẹ̀ wọ̀ọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ọpọlọ tó. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà kékeré wa dábàá lisinopril, àbá tó dáa ni fún ọmọ tó jẹ́ pé kíndìnrín ló mú BP ẹ̀ ga, ṣùgbọ́n ọ̀nà renin ni oògùn yẹn ń dí, renin ọmọ yìí sì ti kú tẹ́lẹ̀, kí lẹ fẹ́ dí? Spironolactone la fi kún un, òun ló ń bá DOC du àga tó fẹ́ jókòó sí, ó tún ń bá wa di pọtásíọ̀mù mú. Oògùn tó ń wo orírun ọ̀ràn ṣì ni hydrocortisone, tí ọpọlọ bá ti rí i, á dákẹ́ ariwo ACTH, DOC á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. A gbé e sí 12.5 lóòjọ́. A ò lo dexamethasone o, ó lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń dá ìdàgbà ọmọ dúró.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí oògùn àárọ̀ tó wọlé, a fa ẹ̀jẹ̀ fún 11-deoxycortisol, DOC àti renin. Ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó padà dé. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ga kọjá ohun tí máṣíìnì lè kà láìlú omi mọ́ ọn, renin fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Lẹ́yìn náà tẹ́ẹ̀sì jíìnì rí àbùkù méjì lórí CYP11B1 tó wà lórí krómósóòmù 8, ọ̀kan látọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan látọ̀dọ̀ màmá, àwọn méjèèjì ò sì ní àìsàn kankan. A wo ojú ẹ̀ àti ọkàn ẹ̀ náà, ògiri ọkàn lápá òsì ti ki díẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé BP yìí ti pẹ́ lára ẹ̀ kí n tó wá fi fludrocortisone mi kún un.

Nígbà tí mò ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ jíìnì fún wọn, pé tí wọ́n bá tún bímọ, ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ni ó lè rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo oyún, màmá dákẹ́ lójijì. Nígbà tí bàbá jáde lọ gba oògùn ló sún mọ́ mi. Ó ní, "Dókítà, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ńkọ́?"

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo bi wọ́n bóyá àìsàn kankan wà nínú ẹbí, wọ́n ní rárá. Ìbéèrè yẹn ò wúlò, mo ti jáwọ́ nínú ẹ̀. Ta ló máa pe ohun tí wọ́n ń fi aṣọ bò ní àìsàn? Ó ní nígbà tí òun bí ọmọ yẹn, nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí wò ó, ó tún wò ó, kò sọ nǹkan kan, ó kàn yára fi aṣọ wé e. Láti ọjọ́ yẹn òun nìkan ló ń wẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Wọ́n mú un wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ tó fọkàn balẹ̀, tó mọ̀wé, tó di etí aṣọ ẹ̀ mú ní gbogbo ìgbà tá a fi ń sọ̀rọ̀. BP ẹ̀ 134/90, mo fi kọ́ọ̀fù tó bá apá ẹ̀ mu wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Síkáànì rí ilé ọmọ àti ilé ẹyin, krómósóòmù XX ti obìnrin, họ́mónù ọkùnrin tó pọ̀ jù nígbà tó wà nínú oyún ló yí ìrísí ìta padà. Àìsàn kan náà. Mo sọ fún màmá ẹ̀ pé ọmọbìnrin ni, pé kò sí ohunkóhun tí òun ṣe nígbà oyún tó fà á, pé tó bá dàgbà tó sì ń lo oògùn ẹ̀, ó lè bímọ. Obìnrin náà sunkún tó pẹ́. A ò sáré dárúkọ iṣẹ́ abẹ. Ohun tó lè pa ọmọ náà lára lójú ẹsẹ̀ ni BP yẹn, ìyẹn la kọ́kọ́ tọ́jú, a sì pe ẹni tó máa ń bá ọmọdé àti òbí sọ̀rọ̀ lórí irú nǹkan báyìí, kí ọmọ náà fúnra ẹ̀ náà lè ní ohùn nínú ẹ̀ tó bá yá.

BP ọmọkùnrin wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, 118/76 lópin oṣù kìíní, 104/62 lóṣù kẹrin, a dá amlodipine dúró, lẹ́yìn náà spironolactone. Pọtásíọ̀mù padà sí 4.1. Mo rò pé a ti bọ́.

Lóṣù kẹjọ mo kó ìlẹ̀kẹ̀ Prader jáde, kórópọ̀n ẹ̀ ti di 5 mílílítà. Màmá ní ṣé oògùn ò ṣiṣẹ́ mọ́ ni? Ó ń ṣiṣẹ́, ibi tó tiẹ̀ ṣiṣẹ́ dé nìyẹn. Họ́mónù adrenal tó pọ̀ jù yẹn ti sọ eegun àti ọpọlọ ọmọ yìí dàgbà ṣáájú ọjọ́, ó sì tún dí ọpọlọ lọ́wọ́. Bá a ṣe mú họ́mónù yẹn kúrò, ọpọlọ rí àyè, ó ní àsìkò ti tó, ó bẹ̀rẹ̀ bàlágà tiẹ̀ gan-an. A fún un ní abẹ́rẹ́ oṣooṣù tó ń dá ọpọlọ dúró lórí ọ̀rọ̀ bàlágà, leuprolide, ó sì gbọ́. Tí mo bá ti sọ fún wọn ṣáájú pé ó lè ṣẹlẹ̀, obìnrin yẹn ì bá má sùn láìfojú kan oorun lọ́sẹ̀ yẹn.

Ohun kan ṣì wà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń bi mí lórí ọmọ yìí, pé ṣé ọmọ tí iyọ̀ ń pọ̀ lára ẹ̀ tún nílò káàdì pàjáwìrì àti abẹ́rẹ́ nílé? Ó nílò ẹ̀. Cortisol ẹ̀ ṣì wá látinú tábúlẹ́ẹ̀tì nìkan, ara ò lè pèsè èyí tó pọ̀ sí i nígbà ibà tàbí iṣẹ́ abẹ, nítorí náà tí ara bá gbóná á lo ìlọ́po mẹ́ta, tó bá ń bì tí kò lè gbé oògùn mì, abẹ́rẹ́. Nígbà tí DOC ẹ̀ ti wálẹ̀ báyìí, kò tún sí nǹkan tó ń bá a di iyọ̀ mú bíi tàtẹ̀yìnwá, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wo fáìlì ẹ̀ kó ní ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ò lè gbẹ. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé kó tó gba omi, wọ́n á wọn BP ẹ̀ ná. Mo kọ ìyẹn sórí káàdì ẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà pupa, ìlà kejì, lábẹ́ orúkọ ẹ̀.

Ní yàrá wa, fludrocortisone ò jáde mọ́ láìjẹ́ pé BP àti renin wà nínú fáìlì, ọmọ jòjòló tó ń da iyọ̀ nù nìkan ni kì í dúró. 17-OHP tó bá ga níwọ̀nba, 11-deoxycortisol á tẹ̀ lé e. Kọ́ọ̀fù ti di mẹ́rin, apá rọ́bà inú ẹ̀ tó ń fẹ́ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìwọ̀n àyíká apá ọmọ. Mátírọ́ọ̀nù fúnra ẹ̀ ló fi okùn so wọ́n mọ́ ẹsẹ̀ sìkéèlì tá a fi ń wọn ọmọ, ó so ó ní kókó méjì, kí ẹnikẹ́ni má bàa wá yá a lọ sí wọ́ọ̀dù kejì.